Ohun Tí A Kò Gbìn Tí A Ń Kórè

 

Bí ẹ bá wọ ilé ìtajà oògùn ní Accra níbí, ẹ óò rí páálí kan lórí pẹpẹ tí wọ́n ya àwòrán gbòǹgbò sí lára. Gbòǹgbò náà ní ẹsẹ̀ méjì, ó ní ohun tó jọ apá, ó rí bí ọmọ ènìyàn. Ginseng ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń rà á nítorí agbára, àwọn àgbà ń rà á nítorí àárẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rà á nígbà ìdánwò. Ilẹ̀ Ṣáínà àti Kòríà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà á kò mọ̀ ni pé bí ọkọ̀ ṣe ń já ẹrù wọ̀nyẹn kalẹ̀ ní èbúté Tema, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ mìíràn ń gbéra níbẹ̀ tó kó èso inú igbó tiwa lọ. Àwọn tó wà lókèèrè á lọ̀ ọ́, wọ́n á sọ ọ́ di oògùn inú ike, wọ́n á sì máa tà á lówó iyebíye. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ igbó tó ṣa èso náà kì í mọ ibi tó gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ ohun tí a kò gbìn tí a ń kórè ni mo fẹ́ kí a jọ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn nìkan. Ó kan ẹni tó ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀ sílé, ó kan ẹni tó ń mu àgbo, ó sì kan gbogbo ẹni tó ń fi atare sọ ọmọ lórúkọ.

Atare ló kọ́kọ́ lọ

Kò sí ilé Yorùbá tí wọn kò ti mọ atare. A fi ń sọ ọmọ lórúkọ, a fi ń gbé obì mì, a sì fi ń wúre pé atare kì í di tirẹ̀ láàbọ̀. Àwọn Akan níbí ń pè é ní fom wisa, wọ́n sì ń fi sínú ọbẹ̀ àti àgbo bíi tiwa. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá eléwé ọmọ ní Makola, ojú rẹ̀ kò ní ṣàjèjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní prekese, àìdan wa ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní hwentia, ẹ̀ẹ̀rù wa ni. Ọṣẹ dúdú gan-an, alata samina ni wọ́n ń pè é, àwa Yorùbá ni wọ́n sì ń pè ní Alata láti ìgbà pípẹ́.

Mọ̀lẹ́bí ata ilẹ̀ ni atare. Abẹ́ igi ńlá ló ti ń hù, níbi tí òòrùn kò ti pọ̀ jù. Ewé rẹ̀ gùn bí ọ̀pá, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀ ló ti ń so, èso rẹ̀ sì máa ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníṣòwò fi ń rù ú gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Tripoli, tí ó sì ń ti ibẹ̀ dé Ítálì. Àwọn òyìnbó tó ń rà á kò mọ igbó tó ti ń wá, ni wọ́n bá sọ ọ́ lórúkọ pé èso Párádísè.

Nígbà tí àwọn Potogí wá ń fi ọkọ̀ ojú omi rìn lẹ́bàá ilẹ̀ wa ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n rí ibi tí Párádísè náà wà. Etí òkun tí a ń pè ní Liberia lónìí ni wọ́n fi atare sọ lórúkọ. Ọdún 1471 ni wọ́n dé apá ibi tí wúrà wà ní Ghana, ọdún 1482 ni wọ́n sì kọ́ ilé olódi Elmina. Ìyẹn ni pé atare ti wọ ìwé òwò wọn kí wúrà Ghana tó wọ̀ ọ́. Ọba wọn kò tilẹ̀ fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe òwò atare láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òun.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ní ọdún 1498, Vasco da Gama dé Íńdíà. Ata dúdú ti Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Yúróòpù tìrìgàngàn, atare sì di ọmọ ìyá tí wọn kò pè síbi oúnjẹ mọ́. Ọtí ni wọ́n wá ń fi sí. Nígbà tó di ọdún 1816, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé ẹni tó ń pọn bíà kò gbọdọ̀ ní atare nílé iṣẹ́ rẹ̀, owó ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ 200 pọ́n-ùn. Atare kò pa ẹnikẹ́ni o. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ó ń jẹ́ kí ọtí tí kò lágbára dà bí èyí tó le lẹ́nu, àwọn apọntí sì ń fi rẹ́ àwọn ènìyàn jẹ.

Ẹ kíyè sí i. Láti Sàhárà dé Lisbon, láti Lisbon dé London, kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wọ igbó pé èló ni kí wọ́n máa rà á. Ẹni tí kò rí igbó rí ló ń gbé owó rẹ̀ lé òkè, òun náà ló sì ń já a wálẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí atare ló tún ń ṣẹlẹ̀ lónìí sí okùn igbó kan báyìí.

Okùn tí àgbẹ̀ ń ṣán dànù

Okùn náà ni àwọn Akan ń pè ní kagya. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ni Griffonia simplicifolia. Ó máa ń lọ́ mọ́ igi, ó sì máa ń dí ọ̀nà oko. Láti Liberia, Ivory Coast àti Ghana títí dé Nàìjíríà ni ó ti ń hù. Ẹran ń jẹ ewé rẹ̀, wọ́n sì ń fi okùn rẹ̀ hun apẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àgbẹ̀ tó bá ń ṣán oko kò kà á sí nǹkan kan, àdá ló fi ń kí i.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, pádi rẹ̀ á gbẹ. Nígbà tí oòrùn bá mú dáadáa, á bẹ́ gbàù, èso inú rẹ̀ á sì fọ́n sílẹ̀. Èso náà dúdú, ó rí pẹlẹbẹ roboto bíi kọ́bọ̀ àtijọ́. Inú èso yìí ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní 5-HTP wà. Kílò kan èso gbígbẹ lè ní tó 100 gíráàmù rẹ̀, èyí tó pọ̀ gidigidi. Ohun yìí ni ara ènìyàn fi ń ṣe serotonin, èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí oorun, lórí bí inú ènìyàn ṣe ń dùn, àti lórí bí ebi ṣe ń pa á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí okùn tí kò já mọ́ nǹkan ṣe di ọjà. Ní ọdún 1989, àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo oògùn kan tí wọ́n ń pè ní tryptophan kí wọ́n lè rí oorun sùn. Ìdọ̀tí wọ inú èyí tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ kan. Ó lé ní 1,500 ènìyàn tó ṣàìsàn, ó sì lé ní 30 tó kú. Ìjọba wọn dá títà rẹ̀ dúró. Nígbà tó di ọdún 1994, wọ́n ṣe òfin mìíràn tó jẹ́ kí ó rọrùn láti ta àwọn ohun amára-le tí wọ́n fi ewé àti egbò ṣe. Àwọn tí kò rí oorun sùn ṣì wà, àwọn tó fẹ́ fọn ṣì wà, àwọn tí ìrònú ń bá jà ṣì wà. Ni wọ́n bá yí ojú sí 5-HTP. Níbo ni wọ́n ti máa rí i? Nínú èso kagya, tí ó pọ̀ nínú igbó Ghana.

Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin àti ọmọdé ní abúlé ti ń wọ igbó lọ ṣa kagya. Wọ́n á sá a, wọ́n á wọ̀n ọ́n pẹ̀lú agolo tí wọ́n ń pè ní olonka, ẹni tó ń rajà káàkiri abúlé á rà á lọ́wọ́ wọn. Òun á tà á fún ẹni tó jù ú lọ, ìyẹn á kó o wá sí Accra tàbí Tema, ó di òkè òkun. Kí ó tó di oògùn inú ike, ó ti gba ọwọ́ ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà. Gbogbo wọn ló mọ iye tí ẹni tó ṣáájú wọn tà á, àfi ìyá tó ṣa á nìkan ni kò mọ iye tí ẹni tó kẹ́yìn rẹ̀ máa rí. Ní ọdún tí àwọn oníbàárà òkèèrè bá ń wá a, owó rẹ̀ á fò sókè, gbogbo abúlé á sáré wọ igbó. Tí wọn kò bá wá a mọ́, ẹni tó ti ṣa àpò méjì pamọ́ á máa wò ó títí yóò fi hu.

Ibi tí ìyọnu wà gan-an nìyí. Kagya tó dára ni èyí tó gbó, tó bẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n igbó náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí mo bá ní kí n dúró dè é kí ó gbó, ẹlòmíràn á ṣáájú mi débẹ̀. Nítorí náà, mo já a ní tútù. Ẹni tó tún kánjú jù mí lọ kò ní já a rárá, yóò gé okùn náà lulẹ̀ láti ìdí kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó pádi tó wà lókè. Èso tútù á rún, á hu, ẹni tó ń rà á á kọ̀ ọ́ tàbí kí ó gé owó rẹ̀. Okùn tí a gé kò sì ní so ní ọdún tó ń bọ̀. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn náà burú. Ẹni tí ebi ń pa, tí kò ní ilẹ̀ tirẹ̀, tí kò sì dá a lójú pé òun ni yóò kórè lọ́la, kò sí ọ̀nà tí yóò fi dúró dè é.

Gbòǹgbò orí òkè

Èso ni kagya, èso ni atare. Bí a bá ja èso, ìdí rẹ̀ ṣì lè wà. Ti gbòǹgbò ló burú jù.

Láti Accra, bí ẹ bá gba ọ̀nà àríwá, ẹ óò máa gun òkè lọ sí Akuapem. Ẹ óò dé Aburi, níbi tí ọgbà ewéko tí wọ́n ṣí ní ọdún 1890 wà. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ óò dé Mampong. Mampong yìí ni Tetteh Quarshie gbin kòkó tó kó ti Fernando Po bọ̀ sí ní ọdún 1879, kòkó tó sọ Ghana di ọlọ́rọ̀. Nínú ìlú kan náà ni Dókítà Oku Ampofo ti ṣiṣẹ́. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ òyìnbó, ó sì tún jẹ́ agbẹ́gilére tó lórúkọ, ṣùgbọ́n kò fojú di ewé àti egbò ilẹ̀ rẹ̀. Ó ń fi wọ́n tọ́jú àwọn aláìsàn, ó sì ń ṣe àkọsílẹ̀. Ní ọdún 1975, ìjọba Ghana dá ilé iṣẹ́ ìwádìí egbòogi sílẹ̀ ní Mampong, òun ni wọ́n sì fi ṣe olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ náà wà níbẹ̀ títí dòní, tí wọ́n ń yẹ àgbo wò, tí wọ́n ń ṣe oògùn, tí wọ́n sì ń tọ́jú aláìsàn.

Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ṣiṣẹ́ lé lórí jù ni nibima. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni nibima, ó ń hù ní ẹ̀gbẹ́ òkè Akuapem àti òkè Kwahu. Gbòǹgbò rẹ̀ korò, bí ẹ bá sì ṣẹ́ ẹ, inú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àtàrí. Àwọn baba ńlá fi ń wo ibà, àwọn onímọ̀ sì rí ohun kan nínú rẹ̀ tí wọ́n pè ní cryptolepine tó ń bá kòkòrò ibà jà. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, àjọ FDA ti Ghana fọwọ́ sí i ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021 pé kí wọ́n dán nibima wò lára àwọn aláìsàn láti mọ̀ bóyá ó lè wúlò. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi hàn pé ó ń wo Kòrónà o. Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n fọwọ́ sí ìdánwò, ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan yege ìdánwò.

Ẹ wá wo ìṣòro rẹ̀. Bí ènìyàn bá hú nibima, kò sí nibima níbẹ̀ mọ́. Ọmọ ọlọ́jọ́ kan kò sì ní gbòǹgbò tó tó nǹkan. Ó ní láti pẹ́ nínú ilẹ̀. Bí àgbo nibima bá ṣe ń gba iyì sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń hú u ṣe ń rìn jìnnà sí i. Ẹ fi ti àwọn tó ń ṣán igbó fún oko, ti iná ọdẹ àti ti galamsey, àwọn tó ń wa wúrà láìgbàṣẹ, kún un. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Mampong fi ń sọ ọ́ pé kí a máa gbìn ín, tí àwọn fúnra wọn sì dá oko egbòogi sílẹ̀ ní Ayikuma ní ìsàlẹ̀ òkè náà. Oògùn tí ó ń wo ilé ni a kò gbọdọ̀ hú tán nítorí ọjà.

Ohun tí ojú àwọn ará òkè Amẹ́ríkà rí

Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa tí kò ti ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn rí. Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ginseng inú páálí yẹn.

Òkè Changbai àti igbó tó yí i ká, láàrin Ṣáínà àti Kòríà, ni wọ́n ti ń hú u tẹ́lẹ̀. Wọ́n hú u títí ó fi ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ sì di ti wúrà. Ní ọdún 1709, àlùfáà Kátólíìkì kan ọmọ ilẹ̀ Faransé, Pierre Jartoux, rí i níbẹ̀. Nínú lẹ́tà tó kọ ní ọdún 1711, ó ní bí òkè àti igbó bẹ́ẹ̀ bá wà níbòmíràn, bóyá ní Kánádà ni. Àlùfáà mìíràn, Joseph-François Lafitau, ka ọ̀rọ̀ náà, ó sì rí mọ̀lẹ́bí ginseng náà lẹ́bàá Montreal ní ọdún 1716, láàrin àwọn Mohawk, tó jẹ́ onílẹ̀, tí wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n ní oògùn.

Òwò bẹ́ sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1752, owó rẹ̀ ga débi pé àwọn àgbẹ̀ Kánádà pa oko tì. Wọ́n ń hú u kí àkókò rẹ̀ tó tó, wọ́n sì ń fi iná ààrò gbẹ ẹ́ dípò kí wọ́n sá a bó ṣe yẹ. Ìyánjú yìí ló pa wọ́n. Àwọn ará Ṣáínà wò ó, wọ́n ní kò dára, wọn kò rà á mọ́. Láàrin ọdún díẹ̀, òwò náà dojú dé. Ẹ fi wé kagya tútù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ óò rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Àwọn ará Amẹ́ríkà gba òwò náà. Ní oṣù Kejì ọdún 1784, ọkọ̀ Empress of China gbéra ní New York, ó jẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó lọ ṣòwò ní Ṣáínà. Ẹrù tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni nǹkan bí 30 tọ́ọ̀nù ginseng. Àwọn ará orí òkè Appalachia, ní Kentucky, West Virginia, Tennessee àti North Carolina, tálákà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ginseng ni wọ́n fi ń ra iyọ̀, bàtà àti aṣọ ọmọ nígbà tí oko kò bá mú owó wọlé. Bàbá, ìyá àti ọmọ á gbé ọkọ́ kékeré lọ́wọ́, wọ́n á gun òkè. Daniel Boone, ọdẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ wọn, rà á jọ kún inú ọkọ̀, odò sì gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ.

Àwọn náà hú u títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Ìgbà yẹn ni ọgbọ́n wá dé. Láti ọdún 1975, ginseng ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti wà lábẹ́ àdéhùn CITES, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣọ́ òwò ẹranko àti ewéko igbó. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń hú u, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí èso rẹ̀ bá ti pọ́n. Èyí tí wọ́n máa kó lọ sókè òkun kò gbọdọ̀ dín ní ọmọ ọdún márùn-ún. Ọdún kọ̀ọ̀kan ló máa ń fi àpá kan sílẹ̀ ní ọrùn gbòǹgbò náà, àpá yẹn ni wọ́n ń kà. Lẹ́yìn náà, ẹni tó hú u gbọ́dọ̀ gbin èso rẹ̀ pupa sí ibi tó ti hú u gan-an. Ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, ó sì gbọ́dọ̀ kọ iye tó rà sílẹ̀. Àwọn olè ṣì wà o. Kódà nínú igbó ìjọba wọ́n ń jí i hú. Ṣùgbọ́n ginseng kò tíì tán lórí òkè wọn, èyí tó sì ti inú igbó wá ṣì ń mú owó wọlé ju ti inú oko lọ dáadáa.

Dúró dè é kí ó gbó, dá èso padà sílẹ̀, ka ohun tí o mú. Gbogbo òfin wọn kò ju mẹ́ta yìí lọ.

A ti mọ èyí tẹ́lẹ̀

Bí mo bá sọ pé òyìnbó ló kọ́ wa ní èyí, irọ́ ni mo pa. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Akan, ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í lọ sóko. Lọ́dọ̀ àwọn Asante, Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ Asase Yaa, ìyẹn Ilẹ̀. Ẹni tó bá wọ igbó lọ́jọ́ náà, ọba yóò bá a wí. Lọ́dọ̀ tiwa, igbó orò wà tí a kì í ṣá ní àdá. Oníṣègùn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bó èèpo igi yíká. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ń bó, kí igi má bàa kú. Bí ó bá fẹ́ wa egbò, yóò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, yóò sì mú ìwọ̀nba.

A lè pe ìyẹn ní èèwọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí èèwọ̀ náà ń ṣe ni iṣẹ́ tí òfin oṣù Kẹsàn-án ń ṣe lórí òkè Appalachia: ó ń fún igbó ní ìsinmi, ó sì ń sọ fún olójúkòkòrò pé kí ó dúró. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé a pa èèwọ̀ tì, a kò sì fi òfin tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀lé rọ́pò rẹ̀. Lóòótọ́, ẹni tó bá fẹ́ kó nǹkan nínú igbó ìjọba ní Ghana gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ Forestry Commission. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ṣa èso ní olonka kan, olonka méjì, ta ni yóò dúró tì í lábẹ́ igi? Àwọn ará abúlé fúnra wọn nìkan ló lè ṣe é, bí ó bá jẹ́ pé àwọn ni yóò jẹ èrè rẹ̀.

Ní ti èrè, àdéhùn kan tí wọ́n ń pè ní Nagoya, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2010, sọ pé ẹni tó bá fi ewéko àti ìmọ̀ orílẹ̀-èdè kan pa owó gbọ́dọ̀ pín nínú rẹ̀ fún àwọn onílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn lórí ìwé. Ìgbà tí ó bá dé ọwọ́ ìyá tó ń ṣa kagya ni a óò mọ̀ pé ó ti ṣẹ.

Kí ni kí àwa ṣe?

Ẹni tó bá ní ilẹ̀ nílé, yálà ní Ghana níbí tàbí ní Oǹdó, Ọ̀ṣun àti Èkìtì, tí kòkó wà lórí rẹ̀, ẹ gbọ́. Abẹ́ kòkó náà lè gba atare, nítorí ibòji ló fẹ́. Ẹ lè fi èso rẹ̀ gbìn ín, ẹ sì lè ya lára ìdí rẹ̀. Ó máa ń gbà tó ọdún mẹ́ta kí ó tó so dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, ọjà rẹ̀ kì í kú, nítorí a kò ní ṣíwọ́ ìsọmọlórúkọ. Bí kagya bá wà ní ẹ̀bá oko yín, ẹ má ṣán gbogbo rẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ lára igi tó wà ní ààlà. Ohun tó wà lórí ilẹ̀ yín, ẹ̀yin lẹ lè dúró dè é kí ó gbó, kò sí ẹni tí yóò ṣáájú yín débẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ṣa á tà, ẹ kó ara yín jọ. Ẹnì kan kò lè bá oníbàárà dúnàá-dúrà, ṣùgbọ́n bí obìnrin 20 bá kó ẹrù wọn pọ̀, tí ó gbẹ, tí ó gbó, tí wọ́n sì wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n dípò agolo, oníbàárà á jókòó. Àwọn obìnrin Yorùbá tó ṣòwò ní ilẹ̀ yìí láyé àtijọ́ mọ agbára ẹgbẹ́ àti èésú, òun náà ni.

Ẹ̀yin tó ń rà á lò ńkọ́? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àgbo pé ibo ni egbò náà ti wá, ṣé ó ń gbìn ín ni tàbí ó ń hú u. Ẹ má sì rò pé ohun tó ti inú igbó wá kò lè pani lára. Ẹni tó ń lo oògùn dókítà nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò gbọdọ̀ fi 5-HTP kún un láìsọ fún dókítà, nítorí àwọn méjèèjì lè gbé serotonin kọjá ààlà nínú ara, ó sì lè la ẹ̀mí lọ. Aboyún kò gbọdọ̀ mu nibima láìbá elétò ìlera sọ̀rọ̀. Ibà tó bá sì mú ọmọdé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní orúkọ àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ọmọ tí kò mọ̀ pé okùn tó wà lẹ́yìnkùlé ní orúkọ àti iṣẹ́ yóò fi àdá sí i, yóò wá lọ fi owó ra a padà nínú ike tí wọ́n kọ èdè àjèjì sí. Ẹ mú wọn lọ sí Aburi ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹ mú wọn dé oko bàbá àgbà. Ẹ fi atare hàn wọ́n lórí ìdí rẹ̀ kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe inú àwo ìsọmọlórúkọ ló ti ń hù.

Atare kì í di tirẹ̀ láàbọ̀. Kí ilé wa má di tirẹ̀ láàbọ̀, kí igbó wa má ṣófo lójú wa. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.